Ìbò Àárín Sáà ti Ọdún 1954

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Ìlúà



Ẹnì kan nínú yín bi mí léèrè ní ẹnu ọ̀nà pé kí ni ó mú mi gbé ọ̀rọ̀ ìdìbò wá sí inú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè àti àṣà wa. Èsì tí mo fún un ni pé bí a ti ń ṣe àkóso ìlú jẹ́ ara àṣà pẹ̀lú. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe àkóso láìsí ẹni tí yóò máa bi í ní ìbéèrè. Ọ̀yọ́ Mèsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláàfin nítorí èyí. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní Òkè-Ògùn sì ní àwọn ìjòyè tirẹ̀ tí ọba kò lè dá wọn kọjá. Ohun tí ó rú wa lójú ní ayé ìsinsìnyí kì í ṣe bóyá a lè bi olórí ní ìbéèrè, bí kò ṣe ìgbà tí a ó bi í.

Gbogbo wa níhìn-ín ni ó mọ iṣu. Àgbẹ̀ tí ó bá gbin iṣu tán kì í lọ jókòó sílé títí di ọjọ́ tí yóò wà á. Yóò padà lọ ro oko náà, yóò fún un ní ọ̀pá tí yóò gùn, yóò sì wò ó bóyá ìkán ti wọ inú ebè. Ìbẹ̀wò àárín yìí ni ó ń gba iṣu là. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fi irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sínú òfin wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń yan Ààrẹ, ṣùgbọ́n ní ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń yan gbogbo Ilé Aṣojú-ṣòfin àti ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta àwọn Sẹ́nétọ̀. Ní November ọdún 1954, nígbà tí Ààrẹ Eisenhower kò tíì lo ọdún méjì pé lórí ipò, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ilé méjèèjì. Kò kúrò ní ipò rẹ̀ nítorí èyí. Àní wọ́n tún yàn án ní ọdún 1956. Ṣùgbọ́n Ilé Aṣojú-ṣòfin tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ogójì ọdún ni ó lò kí ó tó padà.

Ní ìparí ọdún 1954 yẹn kan náà ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa, àwọn ọmọ wa kò sì gbọ́ ọ rí. Ìyẹn ni mo wá sọ.

Ẹgbẹ́ Action Group, èyí tí àwọn ará oko ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ni ó gba ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1952. Bí wọ́n ti dé ibẹ̀ kò jọ ohun tí a mọ̀ lónìí. Ní ìdìbò ọdún 1951, àwọn ará ìlú kò fi ọwọ́ ara wọn yan aṣòfin. Wọ́n yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyẹn yan àwọn mìíràn, báyìí ni ó ń gòkè lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò jókòó ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yàn kò tilẹ̀ sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wà kí wọ́n tó dé inú ilé. Títí di òní ni àwọn ọlọ́gbọ́n ìwé fi ń jiyàn lórí ẹni tí ó borí gan-an.

Ẹni yòówù kí ó borí, àwọn Ọlọ́pẹ ni ó jókòó, wọn kò sì jókòó lásán. Ní July 1952, Awókọ́yà tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gbé ìlànà kan wá síwájú Ilé pé láti January 1955, ọmọ tí ó bá ti tó ilé-ìwé lọ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn yóò ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Kò sí ìjọba kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó ti dá irú rẹ̀ láṣà ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kì í hù bí koríko. A ní láti kọ́ ọ, a ní láti kọ́ àwọn olùkọ́ pẹ̀lú, owó sì ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1953 ni ìjọba bá fi owó àfikún lé owó orí, bí ṣílè mẹ́wàá lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó ń san owó orí, fún ẹ̀kọ́ àti fún ètò ìlera.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ṣílè mẹ́wàá yìí. Ẹni tí ó ní oko kòkó ní Oǹdó tàbí ní Ifẹ̀ lè ráhùn, kí ó sì san án. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, níbi tí kòkó kò sí, tí a ń gbé iṣu àti ọkà bàbà lé orí lọ sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, iye kan náà ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa. Owó tí ó bá ọlọ́rọ̀ àti tálákà dọ́gba kì í wúwo dọ́gba. Yàtọ̀ sí èyí, owó náà ti ń jáde lápò wa, ilé-ìwé náà kò sì tíì hàn. Ọdún bí i méjì ni a óò fi san owó ohun tí a kò rí. Èmi gbà pé ìlànà ẹ̀kọ́ náà ni ohun tí ó dára jù tí ìjọba kan ṣe fún ìran Yorùbá ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Síbẹ̀ mo gbà pé àwọn tí wọ́n kùn ní ìdí tí wọ́n fi kùn.

Ìkùnsínú náà bá ìjà mìíràn pàdé ní Ọ̀yọ́, abẹ́ Ọ̀yọ́ sì ni Òkè-Ògùn wà nínú ètò ìjọba ìgbà náà. Olóyè Bọ̀dé Thomas, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́, òun àti Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì kò sì rẹ́. Bọ̀dé Thomas kú ní November 1953, ó sì jẹ́ ọmọdé ènìyàn síbẹ̀. Ohun tí ẹnu àwọn ènìyàn sọ nípa ikú náà, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, èmi kò ní fi kún un. Àwọn tí ó fẹ́ràn Aláàfin kó ara wọn jọ sí Ẹgbẹ́ Ọ̀yọ́ Pàrapọ̀, wọ́n kọ owó àfikún náà, wọ́n sì fara mọ́ ẹgbẹ́ NCNC, èyí tí a ń pè ní Alákùkọ. Ní September 1954 ìjà ṣẹ̀ ní ìgboro Ọ̀yọ́, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba Ìbàdàn lé Aláàfin kúrò nílùú, wọ́n sì yọ ọ́ lórí oyè. Ní ọdún 1956 ni Gbádégẹsin Ládìgbòlù gun orí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀. Mo mọ̀ pé iwájú ọba ni mo wà. Mo sọ èyí kí a lè rí bí ọ̀rọ̀ ti gbóná tó nígbà tí ìbò dé.

Òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 October 1954. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di Prẹ́míà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ náà. Òfin kan náà sọ pé kí a yan Ilé Aṣojú-ṣòfin tuntun sí Èkó, ìjókòó 184 ní gbogbo Nàìjíríà, 42 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbò yìí kò fi ọwọ́ kan ìjọba Ìbàdàn rárá. Bí Ọlọ́pẹ borí, bí wọ́n fìdí rẹmi, Awólọ́wọ̀ yóò wà lórí àga rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí sì rèé, ìdìbò tààrà ni. Kò sí pé kí ẹnì kan lọ bá wa yan ẹni tí yóò yan ẹlòmíràn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn níhìn-ín, ẹni tí ó ń san owó orí ni òfin fún ní ìbò. Ẹ wo bí Ọlọ́run ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: àwọn tí a gba owó lọ́wọ́ wọn gan-an ni a fún ní ìwé ìbò.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Alákùkọ ní 23 nínú 42, Ọlọ́pẹ ní 18. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba ní Ìbàdàn ti fìdí rẹmi ní ilé ara rẹ̀.

Kì í sì ṣe ìtìjú nìkan. Òfin ọdún náà pàṣẹ pé ẹgbẹ́ tí ó bá ní ọ̀pọ̀ ìjókòó láti ẹkùn kan ni yóò mú mínísítà mẹ́ta wá láti ẹkùn náà sí ìjọba Èkó. Nítorí náà NCNC, tí ó ti borí ní Ìlà-Oòrùn, mú mẹ́ta wá láti ibẹ̀, ó sì tún mú mẹ́ta wá láti Ìwọ̀-Oòrùn: Adégòkè Adélabù ará Ìbàdàn, Kọ́láwọlé Balógun, àti Festus Okotie-Eboh láti ìhà Warri. Àwọn Ọlọ́pẹ tí wọ́n wọlé wá di alátakò ní Èkó, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni aṣáájú wọn nínú Ilé. Báyìí ni ó ṣe wà pé ẹkùn kan ṣoṣo ní ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe ìjọba rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì ní ẹgbẹ́ mìíràn tí ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní Èkó. Ọ̀run kò wó. Àwọn akọ̀wé ń lọ síbi iṣẹ́ wọn, kọ́ọ̀tù ń jókòó, ìjọba sì ń gba owó orí.

Kí ni àwọn olùdìbò ń wí? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tí ó fìdí rẹmi sọ ní ìgbà náà pé àwọn aláìmọ̀wé kọ ìwé fún àwọn ọmọ wọn. Èmi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ bí mo ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ ní agbègbè yìí. Kò mọ ìwé. Ìka ni ó ń tẹ̀ sí ohunkóhun tí wọ́n bá mú wá. Ó dìbò fún Alákùkọ ní ọdún 1954, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí a ṣí àwọn ilé-ìwé ní January 1955, òun náà ni ó fọ aṣọ mi, tí ó fi òróró pa mí lára nítorí ọyẹ́, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú mi lọ. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà ní àkókò náà. Aládùúgbò kan bá a pàdé lójú ọ̀nà, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ìwọ tí o dìbò lòdì sí wọn, o sì ń mú ọmọ rẹ lọ jẹ nínú rẹ̀?” Bàbá mi dáhùn pé, “Èmi kò bá ìwé jà. Ẹni tí ó ń gba owó ìyẹ̀fun lọ́wọ́ mi kí àgbàdo tó yọ ọmọ ni mo bá jà.” Ọdún púpọ̀ kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Kò fẹ́ lé ìjọba náà lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó dùn ún. Ìbò àárín sáà sì fún un ní àyè láti wí bẹ́ẹ̀ láìba ohun rere tí ń bọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yin àwọn Ọlọ́pẹ náà níbi tí ìyìn ti tọ́ sí wọn. Wọ́n lè bínú, kí wọ́n ní bí ará ìlú kò bá fẹ́, kí wọ́n máa lọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò ṣe é. Ní 17 January 1955, ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an, àwọn ilé-ìwé ṣí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n lé díẹ̀ ní 450,000 ní ọdún 1954 wá ju 800,000 lọ ní ọdún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa jókòó lórí ilẹ̀, olùkọ́ mi kò sì dàgbà púpọ̀ ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ṣùgbọ́n a jókòó. Wọ́n lọ kiri pẹ̀lú, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì tún ẹgbẹ́ wọn ṣe ní àwọn ìlú tí wọ́n ti fìdí rẹmi. Nígbà tí ìbò Ilé Ìgbìmọ̀ ti Ìbàdàn dé ní May 1956, àwọn ni ó borí: 48 nínú ìjókòó 80, Alákùkọ sì mú 32. Àwọn kan nínú àwọn tí ó lù wọ́n ní ọdún 1954 ni ó tún gbé wọn gòkè. Bàbá mi kò sọ ẹni tí ó dìbò fún ní ọdún yẹn. Ó ní ti àkọ́kọ́ nìkan ni ó jẹ́ ìjà.

Àwọn kan yóò wí pé mo ń sọ ìtàn àtijọ́. Mo ń sọ ọ́ nítorí ohun tí ó wà ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀lé e. Ṣáájú rẹ̀, ní October 1916, nígbà tí ìlànà ìjọba òyìnbó ni àwọn ènìyàn lára ní Òkèhò àti Ìsẹ́yìn, kò sí àpótí kan tí wọ́n lè sọ ìbínú wọn sí. Ìdà ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n pa Oǹjò nínú rẹ̀, ìjọba gbẹ̀san, wọ́n pa àwọn ènìyàn, wọ́n sì mú kí Òkèhò sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè wá síbi tí ó wà títí di òní. Àwọn ìdílé kan níbí ní ẹni tiwọn nínú ọ̀ràn náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 11 October 1965, nígbà tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn dìbò, tí a sì ka ohun mìíràn jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà rántí wẹtíẹ̀; ilé jó, ènìyàn jó, kò sì parí títí àwọn ọmọ ogun fi gba ìjọba ní January 1966. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án péré ni a kúrò ní ibi tí a ti ń fi ìbò bá ìjọba wí, tí ìjọba sì ń gbọ́, a sì dé ibi epo àti ìṣáná.

Nísinsìnyí ńkọ́? Láti ọdún 1979, àkókò kan náà ni òfin wa ti ń yan Ààrẹ, gómìnà, àwọn aṣòfin Àbújá àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Bí ọjọ́ ìbò bá ti kọjá, ó di ọdún mẹ́rin. Lóòótọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí ìbò gómìnà wọn ń bọ́ sí àárín: Èkìtì, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti àwọn mìíràn. Òfin kò dá èyí ṣe. Àwọn ilé-ẹjọ́ ni ó bí i, nígbà tí wọ́n yí èsì ìbò ọdún 2007 padà, tí sáà ẹni tí ó gorí àga sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ díẹ̀. Ní July 2022, Ọ̀ṣun yọ gómìnà tí ó wà lórí àga, tí í ṣe ti ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba ní Àbújá, ó sì yan Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ kejì. Gbogbo Nàìjíríà ni ó gbọ́ ohùn náà kí ìbò ọdún 2023 tó dé. Àwa ní Ọ̀yọ́ kò ní irú rẹ̀.

Ìbò kan ṣoṣo tí ó kù fún wa láàárín sáà ni ti ìjọba ìbílẹ̀, òun ni ó sì bà mí nínú jẹ́ jù. Ní April 2024 a dìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ 33 ìpínlẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ tí ó wà ní ilé ìjọba ní Agodi ni ó mú ipò alága ní gbogbo 33. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì má ṣe rẹ́rìn-ín: ní ọdún 2018, nígbà tí àwọn ni ó wà ní Agodi, àwọn ni ó borí yíká ìpínlẹ̀. Nígbà tí ìjọba yí padà ní May 2019, ọjọ́ kan ni a lé gbogbo àwọn alága wọ̀nyẹn lọ sílé. Ọdún 2021 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó wí pé lílé náà lòdì sí òfin. Ní July 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ àwọn tí ìlú yàn. Ìdájọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n bí owó bá lọ tààrà sí ọwọ́ ẹni tí ìlú kò yàn ní tòótọ́, èrè wo ni ó wà nínú rẹ̀? Ní ọdún 1954, ìjọba tí ó lágbára ju ti ìsinsìnyí lọ ka ìbò tí ó lù ú, ó sì kéde rẹ̀. Èmi kò gbàgbọ́ pé ìlú 33 lè fi ohùn kan náà fọhùn láìsí ẹyọ ọ̀kan tí inú ń bí.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kàn díẹ̀. Ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó fẹ́ fi adé ṣe àsíá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Aláàfin Adéníran fi hàn bí ẹgbẹ́ òṣèlú kò ti lè dáàbò bo adé tí ó bá sá wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí ìjọba tí kò ka àwọn olùdìbò sí ọ̀tá lẹ́yìn ìbò náà ni ó ka ọba sí ọ̀tá. Àwọn olùdìbò rí ìdáríjì gbà. Ọba kò rí i. Èmi kì yóò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo bẹ Ẹgbẹ́ yìí láti gbé yẹ̀wò kéré. Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá tún dé, kí a yan ènìyàn méjì sí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní Ìlúà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, kí wọ́n dúró títí a ó fi ka ìbò sókè ní ojú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sínú ìwé Ẹgbẹ́, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn wa yìí, ẹni yòówù kí ó borí. Bí iye tí a kéde ní Ìbàdàn bá bá tiwa mu, a ó dúpẹ́. Bí kò bá bá a mu, a ó ní ìwé lọ́wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni ó kù. Mo ti wá rìsíìtì owó orí bàbá mi ti ọdún 1954 káàkiri ilé wa, n kò rí i. Bóyá eku ti jẹ ẹ́. Bí ìdílé kan bá wà níbí tí ó ṣì ní irú rẹ̀ nínú àpótí, tàbí ìwékíwèé tí ó jẹ mọ́ ìbò ọdún náà ní Òkè-Ògùn, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá fún akọ̀wé kí a lè fi í pamọ́.